Ìdí Tí Mo Fi Pẹ́ Lókè Sílìn Àjà Kẹrin

Fúláàtì Kẹta, Ilé Kejìdínlógún,
Òpópónà Hay,
Turffontein,
Johannesburg.

Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹfà, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Olùtọ́jú Ohun-Ìní,
Ìjọ Aládùúrà Orísun Ìtura,
Ilé Ìtura,
Yeoville,
Johannesburg.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ÌDÍYELÉ FÍFỌ Ọ̀NÀ AFẸ́FẸ́ ILÉ ÌTURA YẸ̀ WÒ, KÍ Ẹ SÌ WẸ ORÚKỌ Ọ̀GBẸ́NI HAKEEM ỌLÁTINWỌ́ MỌ́ KÚRÒ NÍNÚ ẸJỌ́ TÍ KÌ Í ṢE TIRẸ̀

1. Orúkọ mi ni Rẹ̀mílẹ́kún Ògúnjìmí. N kì í ṣe ọmọ ìjọ yín, ṣùgbọ́n ẹ ti rí orúkọ mi nínú ìwé rí. Èmi ni mo ni ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń fọ àwọn ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ilé ńlá, ìyẹn àwọn páìpù onírin tó ń gba òkè sílìn kọjá láti ìdí ẹ̀rọ amúlétutù dé yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi, Olóògbé Ṣẹ̀yẹ Ògúnjìmí, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2011. Láti ìgbà tó ti kú ní Oṣù Keje ọdún 2022, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Hakeem Ọlátinwọ́, ọmọ Ọ̀ffà, tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, la jọ ń bá a lọ.

2. Ní Oṣù Kẹrin ọdún yìí, Ìgbìmọ̀ yín pe ilé-iṣẹ́ mẹ́ta pé kí wọ́n wá díye lé fífọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ Ilé Ìtura. Inú mi dùn sí ìpè náà ju bí mo ṣe fi hàn nínú ìwé tí mo fi dá yín lóhùn lọ. Kí Ìjọ tó ra ilé náà, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ́fíìsì, èmi àti ọkọ mi ti fọ̀ ọ́ rí, ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Ọkọ mi ló wà lókè nígbà náà. Ìsàlẹ̀ ni èmi wà, tí mo ń na irin-iṣẹ́ sí i, tí mo ń ṣọ́ ẹsẹ̀ àkàbà. N kò gun òkè sílìn kankan rí títí ó fi kú.

3. Alábòójútó ilé yín, Ọ̀gbẹ́ni Toheeb Àbísóyè, fún wa ní wákàtí méjì láti ṣe àyẹ̀wò ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà Oṣù Karùn-ún. Ó fi ọ̀wọ̀ gbà wá. Ó tún fún wa ní àwòrán ilé náà tí àwọn onílé àtijọ́ fi sílẹ̀, ó ní àwòrán yẹn lè tó wa bí a kò bá fẹ́ yọ ara wa lẹ́nu. Mo ní rárá, a ó gòkè. Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń díye lé irú iṣẹ́ yìí, nítorí níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

4. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé fífẹ̀ ilẹ̀ inú àwòrán ni wọ́n máa ń wọ̀n. Wọ́n á sọ ọ́ di iye owó, ó parí. Ọkọ mi máa ń sọ pé eruku kì í sí nínú àwòrán. Ohun tó kọ́ wa ni pé kí a ka ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán yín sọ pé mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo kà, nítorí pé nígbà tí Ìjọ pín àwọn àjà sí yàrá, àwọn òṣìṣẹ́ fi páìpù rírọ̀ fa ẹ̀ka tuntun jáde, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn kíkà, a ó wo irú eruku tó wà níbẹ̀. Ti ilé ìdáná yín ní àjà kìíní jẹ́ eruku olóròóró tó ti lẹ̀ mọ́ irin. Ọṣẹ àti ọwọ́ èèyàn ló ń gbà, kì í gbọ́ ti ẹ̀rọ. Ti yàrá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àjà kejì fúyẹ́, pàúdà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. A ó tún wo ohun tí wọ́n fi tẹ́ inú páìpù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ìlú yìí, wọ́n máa ń fi òwú funfun kan tí wọ́n fi dígí ṣe tẹ́ ẹ, kí ariwo afẹ́fẹ́ lè rọlẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá ki búrọ́ọ̀ṣì líle bọ ibẹ̀, òwú náà yóò ya, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò sì máa fà á símú. A ó ka àwọn ilẹ̀kùn kékeré tí ọwọ́ fi ń wọ inú páìpù, a ó sì sàmì sí ibi tí kò sí, tí a máa ní láti gé kí a sì dí padà. Ní ìparí, a ó béèrè ìgbà tí ilé máa ń ṣófo. Ilé Ìtura kì í ṣófo: ìsìn wà lópin ọ̀sẹ̀, ọmọ wẹ́wẹ́ wà láàárín ọ̀sẹ̀. Àfi ìsinmi àwọn ọmọ. Gbogbo èyí ló ń sọ iye ọjọ́ àti iye ọwọ́ tí iṣẹ́ máa gbà, iye ọjọ́ àti iye ọwọ́ ló sì ń bí owó. Èyí tí kò bá ti ibẹ̀ wá, àfẹnusọ lásán ni.

5. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, a ti parí àjà mẹ́ta. Mo gun òkè sílìn àjà kẹrin, Hakeem sì di àkàbà mú. Ní igun ìhà ìwọ̀-oòrùn, páìpù náà yí lẹ́ẹ̀mejì láàárín àwọn ọ̀pá omi, ibẹ̀ sì há débi pé àyà ni mo fi wọ́ dé ìdí rẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbẹ̀. Mo tú ìdérí rẹ̀. Bí mo ṣe yí i padà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí i pé ẹnì kan ti fi gègé dúdú kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

"Ṣ. Ògúnjìmí, 9/8/2017. Ibí yìí le. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá díye lé e, kó fi ọjọ́ kan kún un. Ebi ń pa Rẹ̀mí."

6. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọwọ́ ọkọ mi ni. Kò sí ẹni tó tún ń kọ "y" bẹ́ẹ̀, tí ìrù rẹ̀ á gùn wọ inú ìlà kejì. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ọjọ́ ìsinmi tí orílẹ̀-èdè yìí fi ń bọlá fún àwọn obìnrin ni, ìdí nìyẹn tí ilé fi ṣófo tí a fi rí àyè ṣiṣẹ́. Mo ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣọdún obìnrin nìyí, kí ebi pa èèyàn kú sídìí àkàbà? Ó dáhùn láti òkè, ó ní, "Mo ti gbọ́, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò pẹ́ tó fi sọ̀kalẹ̀, ó lọ ra mágwínyà lọ́wọ́ obìnrin kan ní Òpópónà Rockey, ìyẹn ìyẹ̀fun dídín tó jọ pọ́fùpọ́fù ilé wa ṣùgbọ́n tí ṣúgà rẹ̀ kò tó. A jókòó lórí àtẹ̀gùn, a jẹ ẹ́ tòun ti eruku ọwọ́ wa. Ó fẹ́ẹ̀ pé ọdún mẹ́jọ tí orúkọ mi fi wà nínú òkùnkùn lókè yẹn. Mo sì ti gba iwájú ilé náà kọjá láìmọye ìgbà, tí táksì á dúró de iná róbọ́ọ̀tì, ìyẹn iná tó ń darí ọkọ̀, tí n ó máa wo ojú fèrèsé rẹ̀ láìmọ nǹkan kan.

7. Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí n kò fi lè dìde níbẹ̀. Nígbà tí Ṣẹ̀yẹ kú, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sin ní Iléṣà. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà náà fún ìsọdọ̀tun. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá jáde láìgbà á, ó lè má ṣeé ṣe fún mi láti wọlé mọ́. Inú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Nígbà tó máa fi padà, àwọn èèyàn ti ń gbọn aṣọ wọn, wọ́n ń lọ. Títí di òní, ìwé náà kò tíì jáde. N kò mọ bí ibojì rẹ̀ ṣe rí, bóyá wọ́n ti rẹ́ ẹ, bóyá koríko ti bò ó. Láti ìgbà náà, n kò rí ohun kan fọwọ́ kàn tí mo lè sọ pé, níbí ni Ṣẹ̀yẹ wà. Irin tútù yẹn ni àkọ́kọ́. Mo gbé e mọ́ àyà, mo sì sunkún bí n kò ṣe sunkún nígbà tí àwọn èèyàn wá kí mi.

Hakeem pè mí láti ìsàlẹ̀: "Àǹtí Rẹ̀mí, ṣé kò sí nǹkan?" Mo gbọ́ ọ. Ẹkún ni mo ń sun lọ. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sì pè mí mọ́. Kò gòkè, kò lọ síbì kankan. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dúró síbẹ̀ tó di àkàbà mú.

8. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àbísóyè ti dé, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. A ti kọjá àkókò tó fún wa, àwọn mìíràn sì ń dúró de kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dá mi dúró. Ojú tì mí. N kò fẹ́ kí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé mọ̀ pé irin ni mo gbá mọ́ra tí mo ń sunkún sí. Mo bá ní, "Ẹ má bínú, sà. Àkàbà yìí ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń yẹ̀, ẹ̀rù bà mí láti sọ̀kalẹ̀."

Irọ́ ni mo pa. Kò sí ohun tó ṣe àkàbà náà. Hakeem ló ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í yẹ ìdè rẹ̀ wò kó tó gbé e sínú ọkọ̀. Ó dúró níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba fún Ọ̀gbẹ́ni Àbísóyè, ó ní, "Àṣìṣe mi ni, sà."

9. Àbọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Àbísóyè kọ sí yín, tí mo so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí, ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí wa lọ́rùn. Ó ní a fi ọjọ́ kan lé iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kò dájú pé mo lágbára iṣẹ́ yìí mọ́ lẹ́yìn ikú ọkọ mi. Ó ní Hakeem Ọlátinwọ́ gbé àkàbà eléwu wọ inú ilé tí ọmọdé wà. Ẹ̀kẹta yìí ni ẹ fi yọ orúkọ wa kúrò, n kò sì bá yín wí. Bí èmi bá wà ní ipò yín tí mo ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe.

Nípa ti àkọ́kọ́, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Igun àjà kẹrin ló gba ọjọ́ kan sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá fi àyà wọ́ débẹ̀ yóò sọ ohun tí ọkọ mi sọ. Nípa ti èkejì, mo fi ìwé ìdíyelé mi sílẹ̀ fún yín: ẹ wò ó, kí ẹ sì fúnra yín pinnu bóyá obìnrin tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni n kò lè fi sílẹ̀.

10. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ padà gbé iṣẹ́ náà fún kò gòkè kí wọ́n tó sọ iye tí wọ́n máa gbà. Ọ̀gbẹ́ni Àbísóyè fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lórí fóònù pé àwòrán tó wọn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é, ní ìparí Oṣù Karùn-ún. Ní ọjọ́ kejì oṣù yìí, Arábìnrin Roseline, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àjà kejì, pè mí. Ó ti gba nọ́ńbà mi ní ọjọ́ àyẹ̀wò, nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀ nípa àkókò tí àwọn ọmọ máa ń sùn. Ó ní ohun kan ń bọ́ láti ojú afẹ́fẹ́ sórí ẹní wọn, ó rí bí irun funfun, ó sì ń dán. Ó ní ara ń yún àwọn ọmọ, mẹ́ta nínú wọn sì ń wúkọ́. Mo ní kó pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, kó má ṣe gbá ilẹ̀ náà ní gbígbẹ, kó kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ìsìn ni wọ́n wà títí di òní. Ẹ̀yin náà ti rí wọn níbẹ̀, nínú òtútù Oṣù Kẹfà yìí, tí wọ́n ń fi kóòtù sùn. Òwú inú páìpù ni ohun tó ń bọ́ sórí ẹní wọn yẹn. Búrọ́ọ̀ṣì ti fà á ya.

N kò kọ èyí láti fi yín ṣẹlẹ́yà. Ọ̀gbẹ́ni Àbísóyè kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n ní kó parí iṣẹ́ náà kíákíá, ó sì parí rẹ̀ kíákíá.

11. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, mo bẹ Arábìnrin Roseline ní ohun kan tí kò kan iṣẹ́. Mo ní kó bá mi béèrè ìdérí ilẹ̀kùn kékeré igun àjà kẹrin. Wọ́n ti fi tuntun rọ́pò gbogbo wọn. Wọ́n kó ti àtijọ́ jọ sẹ́yìn ilé, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó irin kiri sì ti kó wọn lọ. Ọjọ́ méjì ló fi wá a fún mi, ó tilẹ̀ lọ béèrè ní ibi tí wọ́n ti ń ra irin. N kò ya fọ́tò rẹ̀. Fóònù mi wà lọ́wọ́ Hakeem nísàlẹ̀ ní ọjọ́ náà. N kò bi yín léèrè rẹ̀, nítorí ẹ kò mọ̀ pé ó wà, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Mo kàn kọ ọ́ síbí kí ó má baà jẹ́ pé mo tún fi nǹkan pamọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì.

12. Èyí tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ọ̀gbẹ́ni Àbísóyè fi àbọ̀ náà ránṣẹ́ sórí Wásáàpù tí àwọn alábòójútó ilé láàárín ìlú fi ń kìlọ̀ fún ara wọn. Láti ìgbà náà, ilé méjì ní Mayfair tí Hakeem máa ń bá fọ asẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ti ní kó má wá mọ́. Ní èkejì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wo àkàbà èjìká rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí èmi, òun náà sì ni ìyà ń jẹ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ohun tó gbọ́ ní ọjọ́ náà, kó fi gba ara rẹ̀ là. Ó ní, "Àǹtí, ẹkún tí ẹ sun nítorí Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀yẹ kì í ṣe ohun tí mo lè kó lọ fún àwọn èèyàn kí n fi tọrọ iṣẹ́." Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejìlá Oṣù Keje ni yóò padà sí Ọ̀ffà, kò sì ní ìdí tó fi máa padà wá. Ó ní bí òun bá délé, òun yóò yà ní Iléṣà, òun yóò wá ibojì Ṣẹ̀yẹ kàn, òun yóò tu koríko orí rẹ̀, òun yóò sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kò sí ẹni tó rán an. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sọ.

13. Nítorí náà, mo ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ Ìgbìmọ̀ yín pé:

(i) kí ẹ tún àbọ̀ lórí àyẹ̀wò ọjọ́ kẹfà Oṣù Karùn-ún kọ, kí ó hàn gbangba nínú rẹ̀ pé àkàbà Hakeem Ọlátinwọ́ dára, àti pé Rẹ̀mílẹ́kún Ògúnjìmí ló parọ́. Ẹ kọ orúkọ mi ní kíkún. Ẹ sì jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Àbísóyè fi í sórí Wásáàpù kan náà, kó tó di ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀;

(ii) kí ẹ má ṣe dá àwọn ọmọ padà sí àjà kejì títí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi yọ òwú tó ya kúrò nínú páìpù ibẹ̀;

(iii) kí ẹ má ṣe gba iye owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan mọ́, títí kan tèmi, bí kò bá tíì gun òkè lọ wo ohun tó fẹ́ fọ̀. Mo so kíkà mi mọ́ lẹ́tà yìí, mọ́kànlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà àti irú eruku tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù yín. N kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

N kò bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá pè wá, a ó wá.

14. Ó ku ohun kan, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sí Ìgbìmọ̀. Ó wù mí kí Hakeem lọ. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tí ọkàn mi ń fà sí tó pé kí ẹnì kan tó mọ Ṣẹ̀yẹ, tó mọ ẹ̀rín rẹ̀, dúró níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, kó pe orúkọ rẹ̀, kó sì bá mi kí i. Ó rọrùn fún mi láti dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, fọ́tò náà yóò wọ inú fóònù mi, n ó sì rí ohun tí mo ti ń fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n irọ́ mi ló ń lé e kúrò ní ìlú yìí. N kò fẹ́ kí ẹni tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ jẹ́ ẹni tó máa bá mi tu koríko orí ibojì ọkọ mi, láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ dá orúkọ náà padà fún un. Kó lọ, ẹ̀yin Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kó lọ bí ẹni tó gba ìsinmi, tó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ṣì ń dúró de òun ní Johannesburg.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fi sùúrù kà á dé ìhín. Ojú mi wà lọ́nà fún èsì yín.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Rẹ̀mílẹ́kún Ògúnjìmí (Ìyáàfin),
Olùdarí, Ilé-Iṣẹ́ Ògúnjìmí Afọ̀nà-Afẹ́fẹ́.